Ta Ló Jẹ̀bi Ikú Ajá Ojú Ọ̀nà?

  Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn láti máa kà á lórí fóònù, ọ̀rọ̀ tí mo sọ lórí ètò náà ló wà nísàlẹ̀ yìí. Ibi tí mo ti ń wúkọ́ nìkan ni mo gé kúrò.

Bí ẹ bá ti gba ọ̀nà Iléṣà lọ sí Àkúrẹ́ rí láàárọ̀ kùtùkùtù, tàbí ọ̀nà Ọ̀yọ́ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ ó ti rí i: ajá kan nà gbalaja sétí títì, mọ́tò ti gbá a lóru. Ọkọ̀ tó ń bọ̀ á yà fún un díẹ̀, èyí tó wà lẹ́yìn á gun ún kọjá. Nínú ọkọ̀, ẹnì kan á pòṣé, ẹlòmíràn á gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀. Bó bá jẹ́ èèyàn ni, ariwo á ta. Bó bá jẹ́ màlúù ni, onímàlúù á dé. Ajá ló máa ń kú lójú títì tí ẹnikẹ́ni kì í pe ẹjọ́ rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò lónìí nìyí: bí mọ́tò bá pa ajá lójú ọ̀nà ìgbèríko, ọrùn ta lọ̀rọ̀ náà wà? Ṣé awakọ̀ ni, ṣé alájá ni, àbí Ògún tí àwọn awakọ̀ wa sábà máa ń dárúkọ? Ọ̀rọ̀ yìí ní ìtàn tó ju ọdún 180 lọ, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì la ó sì ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kí ló kàn wá níbẹ̀? Ó kàn wá nítorí pé ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ìpìlẹ̀ òfin tí ilé ẹjọ́ wa fi ń dá irú ẹjọ́ báyìí ti wá. Bí wọ́n ṣe kó mọ́tò wá náà ni wọ́n ṣe kó òfin rẹ̀ wá.

Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ọdún 1842

Kò tíì sí mọ́tò nígbà náà. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Davies so ẹsẹ̀ iwájú kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀ méjèèjì pọ̀, ó sì fi í sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Ẹ fojú inú wò ó: ẹran tí wọ́n so lẹ́sẹ̀, kò lè sáré, kò lè yẹra. Ni kẹ̀kẹ́ ẹrù kan tí ẹṣin 3 ń fà bá ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ láti orí òkè. Eré tó ń sá kò kéré, ẹni tó sì yẹ kó máa darí àwọn ẹṣin náà wà lẹ́yìn wọn níwọ̀nba. Kẹ̀kẹ́ gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kú.

Davies pe Mann, ẹni tó ni kẹ̀kẹ́ ẹrù, lẹ́jọ́. Ohun tí Mann fi gbèjà ara rẹ̀ yóò dùn mọ́ awakọ̀ èyíkéyìí létí: kí ni kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ń wá lójú ọ̀nà? Ẹni tó fi ẹran rẹ̀ síbi tí kò yẹ ló fọwọ́ ara rẹ̀ fa jàǹbá.

Àwọn adájọ́ kò gbà. Wọ́n ní bí ẹran bá tilẹ̀ wà níbi tí kò yẹ, ẹni tó ń darí ọkọ̀ ṣì gbọ́dọ̀ máa lọ ní ìwọ̀n eré tí kò ní jẹ́ kó ṣe jàǹbá tó lè yẹra fún. Adájọ́ Parke ní bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹnì kan lè gun ẹni tó sùn sójú ọ̀nà kọjá kó sì sọ pé òun kò jẹ̀bi. Davies ló jàre.

Mo fẹ́ kí ẹ rántí ẹjọ́ yìí títí a ó fi parí, nítorí ó pín ọ̀rọ̀ sí méjì. Èkíní: báwo ni ẹran ṣe dé ojú ọ̀nà? Èkejì: ìwọ tó ń bọ̀, ṣé o lè yẹra fún un? Ìdáhùn èkíní kì í pa èkejì rẹ́.

Ẹṣin wọnú òfin, ajá wà níta

Nígbà tí ọkọ̀ tó ń fi ẹ̀rọ rìn kọ́kọ́ dé, ẹ̀rù rẹ̀ ba àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Òfin ọdún 1865 sọ pé kò gbọdọ̀ sáré ju máìlì 4 ní wákàtí kan lọ ní ìgbèríko, nínú ìlú kò gbọdọ̀ ju máìlì 2 lọ, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ máa fẹsẹ̀ rìn níwájú rẹ̀ pẹ̀lú àsíá pupa lọ́wọ́. Ajá wo ni ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ fẹ́ gbá? Ajá tó ń tiro yóò yà á sílẹ̀.

Ní 1896 wọ́n dẹ òfin náà fún àwọn ọkọ̀ kéékèèké. Nígbà tó fi máa di 1903, òfin mọ́tò tuntun ti gbà kí ọkọ̀ sáré dé máìlì 20 ní wákàtí kan, ìyẹn nǹkan bíi kìlómítà 32. Mọ́tò ìgbà náà, ohun fàájì ọlọ́rọ̀ ni. Olówó á gbéra láti ìlú ńlá, á gba àárín abúlé kọjá, eruku á bo aṣọ tí wọ́n sá, adìẹ á kú, ajá á kú, kí ará abúlé tó jáde, mọ́tò ti lọ. Ìbínú àwọn ará oko sí àwọn onímọ́tò pọ̀ gan-an láyé ìgbà náà.

Òfin 1903 yìí pàṣẹ pé kí awakọ̀ dúró bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn tó ní kó dúró fún: èèyàn, ọkọ̀, àti ẹṣin tí ẹnì kan wà nídìí rẹ̀. Ajá kò sí níbẹ̀. Bí mọ́tò rẹ bá gbá ẹṣin tí wọ́n ń gùn, o ní láti dúró kí o sọ orúkọ rẹ. Bó bá jẹ́ ajá darandaran ni o gbá, òfin yìí kò ní kó o dúró.

Ẹran 8

Ọdún 27 kọjá kí ajá tó wọlé. Òfin ìrìnnà ojú pópó ti 1930 ló mú un wọlé, òfin tó ṣe pàtàkì púpọ̀ ni. Ó sọ ìbánigbófò di dandan fún onímọ́tò, kí ẹni tí mọ́tò bá ṣe léṣe lè rí owó gbà. Ó mú òdiwọ̀n eré máìlì 20 kúrò fún àwọn mọ́tò kéékèèké. Ó tún ka ẹran 8 tí awakọ̀ gbọ́dọ̀ dúró fún bí ó bá gbá wọn: ẹṣin, màlúù, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ìbaaka, àgùntàn, ẹlẹ́dẹ̀, ewúrẹ́ àti ajá. Ìgbà tí wọ́n tú ìjánu mọ́tò náà ni wọ́n rántí ajá.

Ẹ wò ó dáadáa. Kí ni ẹran 8 wọ̀nyí fi jọra? Kì í ṣe ìrora, nítorí ológbò náà ń mọ ìrora, kò sì sí níbẹ̀. Bí èmi ṣe rí i, ohun ìní ni wọ́n kà. Ẹran tó ń ṣiṣẹ́, ẹran tó ń pawó, ẹran tí ẹnì kan lè yọjú kó ní tèmi ni. Ajá ń da àgùntàn, ó ń ṣọdẹ, ó ń ṣọ́lé, olówó rẹ̀ sì ń gba láísẹ́ǹsì fún un. Láti 1867 ni láísẹ́ǹsì ajá ti wà níbẹ̀, ṣílè 5 ni níbẹ̀rẹ̀, ìparí àwọn ọdún 1980 ni wọ́n tó pa á tì. Ológbò kò ní láísẹ́ǹsì.

Ohun tí òfin ní kí awakọ̀ ṣe náà fi èyí hàn. Kò ní kó gbé ajá lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran. Ó ní kó dúró, kó fún ẹni tó bá ní ìdí láti béèrè ní orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ̀. Bí kò bá rí ẹni fún, kó lọ fi tó ọlọ́pàá létí. Òfin ọdún 1988 tí wọ́n ń lò níbẹ̀ báyìí kò yí ẹran 8 náà padà, ó sì ní kí awakọ̀ tètè lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá, kó má ju wákàtí 24 lọ. Àwọn tó ní ológbò ti kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn sì jíròrò rẹ̀ ní 2023.

Nítorí náà, kì í ṣe torí ajá ni òfin ṣe ní kí o dúró. Torí ẹni tó ni ín ni. Síbẹ̀ mi ò fojú kékeré wo òfin yìí, nítorí ó sọ ohun kan tó lágbára: bí o bá gbá ẹran ẹlòmíràn, o kò gbọdọ̀ di ẹni tí a kò mọ̀. Dúró, kí o sọ ẹni tó o jẹ́.

Alájá ńkọ́?

Awakọ̀ nìkan la ti ń bá wí bọ̀. Ẹ jẹ́ ká wo apá kejì. Bí ajá bá já wọ títì, tí mọ́tò bàjẹ́ tàbí tí èèyàn farapa nítorí rẹ̀, ṣé alájá máa sanwó?

Fún ìgbà pípẹ́, rárá ni ilé ẹjọ́ Gẹ̀ẹ́sì ń dáhùn. Ní 1916, àwọn àgùntàn ya wọ títì, mọ́tò kan bàjẹ́ nítorí wọn. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní ẹni tó ni wọ́n kò jẹ̀bi. Ní 1947, ọ̀rọ̀ dé House of Lords, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ nígbà náà, nínú ẹjọ́ Searle àti Wallbank. Ẹṣin kan gba ojú ọgbà tó ti bàjẹ́ jáde lóru, ó kọ lu ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ bọ̀. Àwọn adájọ́ ní ẹni tó ní ilẹ̀ létí ọ̀nà kò ní ojúṣe láti tún ọgbà ṣe nítorí àwọn tó ń kọjá. Ìdí wọn ni pé ọ̀nà àti oko ti wà pọ̀ kí mọ́tò tó dé, ẹran àti èèyàn ló sì jọ ń rìn ín.

Ẹ gbọ́ ohun tó yà mí lẹ́nu. Òfin Gẹ̀ẹ́sì ti 1906 sọ pé bí ajá rẹ bá ṣe ẹran ọ̀sìn ẹlòmíràn léṣe, ìwọ lo máa san án. Ajá tó bu àgùntàn jẹ, olówó rẹ̀ sanwó. Ajá tó ṣèèṣì bọ́ sójú títì tí mọ́tò fi bàjẹ́, olówó rẹ̀ lọ lọ́fẹ̀ẹ́.

Láàárín 1962 sí 1963, ẹjọ́ ajá méjì dé ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Nínú ti àkọ́kọ́, Gomberg àti Smith, ọkùnrin kan mú ajá ńlá rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń pè ní St Bernard, jáde láti inú ṣọ́ọ̀bù láìfi okùn sí i lọ́rùn. Ajá sáré wọ títì, ó kọ lu ọkọ̀ kan. Alájá jẹ̀bi, ó sanwó. Nínú èkejì, Ellis àti Johnstone, ajá fúnra rẹ̀ ló sáré láti ọgbà ilé jáde sí títì, ó kọ lu mọ́tò. Alájá kò jẹ̀bi.

Kí ló fa ìyàtọ̀? Ẹni àkọ́kọ́ ló fọwọ́ ara rẹ̀ mú ajá wá sójú títì. Ẹnì kejì kàn jókòó sílé ni. Bí òfin ṣe wà nígbà yẹn, ẹni tó tẹ̀ lé ajá rẹ̀ jáde lè jẹ̀bi, ẹni tó ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ tó padà lọ sùn lè mórí bọ́. Ẹ ò rí i pé ó ń kọ́ èèyàn láti má bìkítà.

Ní 1971 ni òfin tuntun lórí ẹran pa ààbò àtijọ́ yẹn rẹ́ ní England àti Wales. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá ní ẹran gbọ́dọ̀ ṣọ́ ọ bó ṣe tọ́ kó má baà ya wọ títì, àfi láwọn ibì kan tí ilẹ̀ jẹ́ ti gbogbo èèyàn tàbí tí àṣà ibẹ̀ kò mọ ọgbà. Òfin 1988 tún sọ pé láwọn títì tí ìjọba ìbílẹ̀ bá yàn, ajá gbọ́dọ̀ wà lórí okùn.

Láti orí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ 1842 dé òfin 1971 jẹ́ ọdún 129. Bó ṣe pẹ́ tó nìyẹn kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó so apá méjèèjì pọ̀: awakọ̀, rọra sáré, kí o sì dúró; alájá, ṣọ́ ohun tó o ní.

Èyí tó dé ọ̀dọ̀ wa

Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Ní nǹkan bíi 1906 ni wọ́n ṣe ọ̀nà mọ́tò láti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́, èyí tí ọ̀pọ̀ ń kà sí ọ̀nà mọ́tò àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Abúlé àti oko ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ajá sì wà ní abúlé, ajá ọdẹ, ajá ilé. Ajá tiwa kì í ṣe ẹran lásán. Yorùbá máa ń fi orúkọ ajá ránṣẹ́ sí aládùúgbò. Ẹni tó bá sọ ajá rẹ̀ ní Tanímọ̀la, kì í ṣe ajá nìkan ló ń pè nígbà tó bá ń kígbe orúkọ yẹn nírọ̀lẹ́. Ẹran tó ní orúkọ bẹ́ẹ̀ ní olówó.

Nígbà tí wọ́n ń dá ilé ẹjọ́ sílẹ̀, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ká máa lo òfin ìpìlẹ̀ tiwọn tí àwọn adájọ́ gbé kalẹ̀, àti àwọn òfin gbogbogbòò tó wà lójú iṣẹ́ nílẹ̀ wọn ní ọjọ́ 1 oṣù kìíní 1900. Ẹ wo ọjọ́ yẹn. Ìmọ̀ràn inú ẹjọ́ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wọlé. Òfin ẹran 8 ti 1930 kò bá ọ̀nà yẹn wọlé, nítorí ó dé lẹ́yìn ọjọ́ náà. Ti 1971 kò sì lè wọlé, a ti gba òmìnira láti 1960. Àwọn ìjọba wa ṣe òfin ìrìnnà tiwọn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ajá kì í sábà dé iwájú adájọ́.

Òfin ìwà ọ̀daràn ti àpapọ̀, abala 495, tilẹ̀ sọ pé ẹni tó bá hùwà ìkà sí ẹran lè ṣẹ̀wọ̀n oṣù 6 tàbí kó san ₦50. Àádọ́ta náírà o. Owó yẹn kò ra búrẹ́dì kan.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ lójú ọ̀nà wa ni àṣà. Ẹ gbá ewúrẹ́ nítòsí abúlé kan, ẹ ó rí i bí àwọn ọ̀dọ́ á ṣe jáde. Wọ́n á dúró síwájú ọkọ̀, ìdúnàádúrà á bẹ̀rẹ̀. Àwọn awakọ̀ máa ń ṣe yẹ̀yẹ́ pé gbogbo ewúrẹ́ tí mọ́tò pa ló lóyún ìbejì, títí kan òbúkọ. Ẹ lè rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ wò ó: ohun tí òfin 1930 ń wá náà nìyẹn. Awakọ̀ dúró, wọ́n rí ojú rẹ̀, ẹni tó pàdánù rí nǹkan gbà. Bó bá wá jẹ́ ajá, awakọ̀ á dárúkọ kan, á sì máa lọ.

Ṣé Ògún ló pa á?

Mo wà nínú ọkọ̀ èrò kan lọ́jọ́ kan lọ́nà Èkìtì, ilẹ̀ ti ń ṣú. A gbọ́ gbì lábẹ́ ọkọ̀. Awakọ̀ kò tẹ bíréèkì. Ó ní, "Ògún ti gba tirẹ̀." Àwọn kan ṣe àmín. Ìyá àgbàlagbà kan tó jókòó lẹ́yìn mi kò ṣe àmín ní tirẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, ajá ta ni?"

Awakọ̀ ní, "Màmá, ẹ má bínú, Ògún ló ni í."

Ìyá ní, "Èmi ò béèrè ẹni tó jẹ ẹ́. Mo béèrè ẹni tó ni ín. Ṣé a máa ń fi ẹran ẹlẹ́ran rúbọ ni?"

Ọkọ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ro ìbéèrè yẹn.

Òótọ́ ni pé ajá ni ẹran Ògún. Ní Ìrè-Èkìtì àti ní Oǹdó, ẹni tó bá mọ ọdún Ògún mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń fi irin ṣiṣẹ́, ọmọ Ògún ni: alágbẹ̀dẹ, ọdẹ, mẹkáníìkì, awakọ̀. Ní ọ̀pọ̀ gáréèjì, àwọn awakọ̀ ṣì máa ń bọ Ògún lọ́dọọdún, wọ́n sì máa ń pa ajá fún un. Èrò wọn ni pé bí Ògún bá ti rí ẹ̀jẹ̀ ajá, kò ní wá ti èèyàn.

Èrò yìí ni Wọlé Ṣóyínká gbé wọ inú eré rẹ̀ tó ń jẹ́ The Road, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1965. Nínú eré náà, Samson, ọmọ ọkọ̀, ń bínú sí Kotonu awakọ̀ nítorí pé kì í fẹ́ gbá ajá lójú ọ̀nà. Lójú Samson, àánú Kotonu léwu, nítorí ebi ń pa ọlọ́nà. Ọdún 23 lẹ́yìn náà, ní oṣù kejì 1988, ìjọba dá àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, sílẹ̀, Ṣóyínká yìí kan náà ni wọ́n sì fi ṣe alága ìgbìmọ̀ rẹ̀. Ọkùnrin tó mọ Ògún débi tó fi ń kọ ìwé nípa rẹ̀ kò sọ pé ká fi ọ̀nà sílẹ̀ fún Ògún. Ó kó èèyàn jọ, ó ní kí wọ́n lọ dá àwọn asáré-àsápajúdé dúró.

Ẹ tún wo ilé ẹjọ́. Nígbà tí ẹlẹ́rìí kan bá ní òun kì í ṣe Mùsùlùmí tàbí Kírísítẹ́nì, irin ni wọ́n máa ń gbé fún un pé kó fi búra. Irin yẹn, Ògún ni. Ògún lẹni tí a kì í purọ́ níwájú rẹ̀. Nígbà náà, báwo ni ẹni tí a fi ń búra pé òótọ́ la fẹ́ sọ ṣe wá di ẹni tí a fi ń sá fún ẹjọ́? Bí Ògún bá ni ọ̀nà lóòótọ́, òun gan-an ló yẹ kó mú kí awakọ̀ dúró.

Ìyá inú ọkọ̀ yẹn ti dá ẹjọ́ tèmi. Ẹni tó bá fẹ́ rúbọ á fi owó ara rẹ̀ ra ẹran, á mọ̀ pé òun ń rú u. Ẹran tí o gbá nítorí eré, tí olówó rẹ̀ kò mọ̀, tí o kò dúró wò, ìyẹn kì í ṣe ẹbọ.

Ibi tí mo dúró sí

Mo pín ẹ̀bi yìí sí méjì, bí ẹjọ́ 1842 ṣe pín in.

Ti alájá ni bí ajá ṣe dé ojú ọ̀nà. Bí ilé rẹ bá wà létí títì, ajá tí kò ní okùn lọ́rùn tí kò sì ní ọgbà, o ti fi sílẹ̀ fún mọ́tò. Ẹ rántí pé ajá yẹn lè pa èèyàn: ọkọ̀ tó yà fún un lè dojú dé, ọlọ́kadà tó kọ lù ú lè má dìde mọ́. Sọ ajá rẹ mọ́lẹ̀ lóru, kí o sì gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi fún un.

Ti awakọ̀ ni ìwọ̀n eré. Ìwé ìlànà ojú pópó ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé mọ́tò tó ń sá kìlómítà 48 ní wákàtí kan nílò nǹkan bíi mítà 23 kó tó lè dúró pátápátá. Bó bá ń sá kìlómítà 80, mítà 53. Bó bá ń sá kìlómítà 96, mítà 73. Títì gbígbẹ àti bíréèkì tó dáa lèyí o. Níbi tí ilé bá ti wà lọ́tùn-ún lósì ní Nàìjíríà, kìlómítà 50 ni òpin eré, abúlé létí títì sì wà lára rẹ̀. Ajá tó jáde níbẹ̀ lónìí, ọmọdé tó ń lé bọ́ọ̀lù lè jáde níbẹ̀ lọ́la.

Bí ajá bá yọ sí ọ lójijì, tẹ bíréèkì, kí o di ìdarí mú gírígírí. Má ṣe já sọ́nà ẹlòmíràn láti gba ajá là, nítorí ẹ̀mí èèyàn ló ṣáájú. Bí o bá gbá a, wá ibi tó láàbò dúró sí, tan iná ìkìlọ̀ ọkọ̀ rẹ. Bí ilé bá wà nítòsí, béèrè ẹni tó ni ín. Bó bá jẹ́ ojú ọ̀nà tó ń bà ọ́ lẹ́rù lóru ni, má fi ẹ̀mí ara rẹ wewu, wakọ̀ dé abúlé tó kàn tàbí ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá kí o sọ ibi tó wà. Má fọwọ́ lásán kan ajá tó farapa, ìrora lè mú kó bù ọ́ jẹ. Bó bá bù ọ́ jẹ, fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí o sì lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Dìgbòlugi kì í ṣe àrùn tí èèyàn ń dúró wò.

Ẹ̀yin tí ẹ kì í wakọ̀, ẹnu yín wà níbẹ̀. Nígbà tí ẹ bá tún gbọ́ gbì lábẹ́ ọkọ̀, kẹ́ ẹ tó ṣe àmín, ẹ béèrè ìbéèrè ìyá yẹn: ajá ta ni?

Ní abúlé yín, kí ni àṣà wí nígbà tí mọ́tò bá pa ajá? Ṣé wọ́n máa ń gba owó, àbí wọ́n máa ń dákẹ́? Ẹ fi ohùn yín ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp, a ó gbé díẹ̀ nínú wọn sórí ètò tó ń bọ̀. Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí ẹnì kan tó ń wakọ̀ lọ sílé lópin ọ̀sẹ̀ yìí. Ó dìgbà kan ná o.